Agogo Abẹ́ Igi Máńgòrò

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn eré ìdárayá, tàbí ti omi tí a ń pọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní àkókò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún 1974, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ agogo ni.

Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ ní àkókò tiwa yóò rántí agogo wa. Kì í ṣe agogo idẹ bí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Rímù táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Àwa ọmọdé gbà pé ara ọkọ̀ kan tí ó dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà ni wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta ni wọ́n fi mí ṣe aláago. Irin kan ṣoṣo ni mo fi ń lù ú, ìró kan ṣoṣo ni ó sì ní. Síbẹ̀, ìró kan náà yìí ni ó ń darí gbogbo wa. Bí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ kan ti parí nìyẹn. Bí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ láàárín, ó di ìsìn òwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà túmọ̀ sí oúnjẹ. Bí mo bá sì ń lù ú kíkankíkan láìdáwọ́ dúró, ewu ti dé: kí gbogbo ilé-ìwé sáré wá. Kò sí ẹni tí ó ń ṣì í gbọ́. Ìró kì í yí padà. Iye rẹ̀ àti bí ó ṣe ń yára sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú kíláàsì wa, ọmọ Ọ̀kà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Àga kan náà ni a jọ ń jókòó lé. Òun ni ó kọ́ mi ní ìdá àti ìlọ́po tí olùkọ́ ti kọ́ mi títí tí kò yé mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àwa méjèèjì nìkan ni a wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ń dúró de àkókò agogo, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Lójijì ó ké, irú igbe tí n kò gbọ́ rí, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ara rẹ̀ le gan-an, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojú rẹ̀ yí sókè, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa pé itọ́ onítọ̀hún ni wárápá ń gbà ran ẹlòmíràn. Mo fò sẹ́yìn. Mo gbé irin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo bí ìgbà tí iná bá ń jó ilé. Gbogbo ilé-ìwé sáré dé. Wọ́n ṣe agbo yí i ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó fọwọ́ kàn án, àfi àgbàlagbà kan tí ó fi ṣíbí irin ya eyín rẹ̀, tí eyín kan sì kán. Mo ń lu agogo lọ. Ìjayà kò jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe lè dáwọ́ dúró, títí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì òkè fi gba irin lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi lajú, aṣọ rẹ̀ ti tutù, ọgọ́rùn-ún ojú sì ń wò ó.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a ti ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí ìdí ilẹ̀kùn. Èmi náà kó ìwé mi kúrò lórí àga wa, mo lọ jókòó ti ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ka ìtàn ọmọ tí ẹ̀mí ń gbé ṣubú sínú iná àti sínú omi fún wa láti inú Ìhìnrere Máàkù, orí kẹsàn-án. Gbogbo wa ń yíjú wo ibi tí ó jókòó sí. Kí sáà tó parí, bàbá rẹ̀ wá mú un lọ. Kò padà wá mọ́.

Ọdún méjìlélógún kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti di olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Ọ̀wọ̀, mo ti gbé ìyàwó, mo sì ti bímọ. Ní ọdún 1996, ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ àṣà kan. Yóò máa sọ̀rọ̀ lọ, yóò sì dákẹ́ lójijì, ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ó tó tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà ti gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ó gbé korobá omi bọ̀, ó ṣubú, ara rẹ̀ sì gbọ̀n. Mo rí ọ̀rẹ́ mi lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wọ aṣọ ọmọ mi.

Ìbátan wa kan ti gbé ìgò àgbo ìtọ̀ màálù dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbo náà ti ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ti pa òmíràn. Mo dúpẹ́, mo sì dà á nù nígbà tí ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọmọ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, a lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní UCH.

Wọ́n mú wa wọ yàrá kékeré kan. Obìnrin tí ń bẹ níbẹ̀ lẹ àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́ orí ọmọ mi káàkiri. Àwọn wáyà náà lọ sínú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì ní ọ̀wọ́ kálàmù tí ń kọ ìlà sórí bébà gígùn tí ń yọ jáde. Ẹ̀rù bà mí pé iná ni wọ́n fẹ́ tàn sí i lára. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá o, bàbá. A kò fi iná kankan sí i. Iná tirẹ̀ ni à ń kọ sílẹ̀."

Ó ní kí ọmọ pa ojú dé. Àwọn kálàmù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìgbì kéékèèké tí ó dọ́gba, bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ó lajú, ìgbì náà sì fọ́nká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kí ó máa mí kíkankíkan bí ẹni tí ń fẹ́ iná. Ní bí ìṣẹ́jú méjì, gbogbo kálàmù fò sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń fò lọ bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo wo ojú ọmọ mi: ó là sílẹ̀, kò rí mi. Kálàmù padà sí bí wọ́n ṣe wà, ọmọ náà sì wò mí, ó ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ohun tí mo torí rẹ̀ gbá a létí ni mo rí lórí bébà yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìwé kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kì í sá fún ọmọlàkejì rẹ̀.

Pé iná mànàmáná ń bẹ nínú ara ẹ̀dá kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn apẹja wa. Àwọn baba wọn mọ òjìjí, ẹja odò tí ń mú apá kú tìtì bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Iná òjìjí ńlá lè ju 300 fóòtì lọ. Ní ọdún 1791 ni Luigi Galvani ní Ítálì tẹ ìwé jáde lórí bí iná ṣe ń mú itan ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ti kú ta pọ́ún. Ní ọdún 1924, dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, kọ iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ láti ìta agbárí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pa á mọ́ra fún ọdún márùn-ún kí ó tó kéde rẹ̀ ní 1929. Ìgbì tí ó máa ń wá nígbà tí ojú bá wà ní dídé, tí mo rí lórí bébà ọmọ mi, wà lára ohun tí Berger rí.

Níbo ni iná náà ti ń wá? Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wa tó bílíọ̀nù 86. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dà bí ilé tí ó ní ilẹ̀kùn púpọ̀. Sódíọ́mù, tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, pọ̀ ní ìta; pòtásíọ́mù, tí ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eérú, pọ̀ nínú ilé. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, agbára iná díẹ̀ wà láàárín inú àti òde, tí kò tó ìdá kan nínú ogún ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan. Bí ohun kan bá ta sẹ́ẹ̀lì náà jí tó bí ó ti yẹ, àwọn ilẹ̀kùn sódíọ́mù á ṣí, sódíọ́mù á ya wọlé, pòtásíọ́mù á sì jáde tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Apá tí ó ṣẹlẹ̀ sí á ta apá tí ó kàn án jí, bí iná ìgbẹ́ ṣe ń jó koríko gbígbẹ lọ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ní Àkókó. Kò yára bí iná inú wáyà ilé wa rárá. Èyí tí ó yára jù lọ ń rin bí ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Alan Hodgkin àti Andrew Huxley ni wọ́n ṣe àlàyé àwọn ilẹ̀kùn yìí ní 1952, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò iṣan ńlá kan lára ẹran inú òkun tí à ń pè ní squid.

Níbí ni mo ti pàdé agogo wa. Ọ̀gbẹ́ni Edgar Adrian ti Cambridge, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1932 pẹ̀lú Charles Sherrington, tẹ́tí sí iṣan kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé gbogbo ìró tí iṣan kan ń gbé lọ dọ́gba. Ìró kíkéré kò sí, ìró ńlá kò sí: yálà kí sẹ́ẹ̀lì dún, tàbí kí ó dákẹ́. Bí omi ọwọ́ rẹ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, iṣan á dún díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìró kò ní tóbi sí i, wọn yóò kàn máa yára tẹ̀ lé ara wọn ni. Iye àti ìyára ni ọ̀rọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ ó béèrè pé, bí gbogbo ìró bá dọ́gba, báwo ni ọpọlọ ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni èyí, orin ni tọ̀hún? Ibi tí ìró ti wá ni ó ń sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Ìkàrẹ́, a kì í béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí agogo rẹ̀ ń dún. Apá ibi tí ó ti ń dún ti sọ fún wa. Ẹ pa ojú dé nínú òkùnkùn, kí ẹ sì fi ìka rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ìpéǹpéjú: ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìka ni ó ta iṣan ojú jí, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí iṣan ojú bá mú wá, ìríran ni ọpọlọ ń kà á sí.

Ǹjẹ́ kí wá ni wárápá? Ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í dún pọ̀. Èyí ń dún, èyí ń dákẹ́, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. Nígbà tí wárápá bá dé, ògìdìgbó sẹ́ẹ̀lì á máa dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fojú inú wò ó pé gbogbo aláago gbogbo ilé-ìwé àti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Ìkàrẹ́ ń lu agogo wọn pọ̀. Ariwo yóò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ìsìn ni tàbí oúnjẹ. Iná kò tán nínú ọpọlọ ọmọ mi nígbà tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Iná pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó sọnù. Bí ariwo náà bá dé apá tí ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ara á gbọ̀n. Àwọn òògùn kan ń mú kí ilẹ̀kùn sódíọ́mù lọ́ra láti tún ṣí. Àwọn mìíràn ń ran kẹ́míkà tí ń pa sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́ lọ́wọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú ohun tí mo sọ yìí tí ó lè gba inú itọ́ ràn ènìyàn.

Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí láàárín wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí ó ṣiṣẹ́ ní UCH, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá inú ìlú Igbó-Ọrà wò fún àrùn ọpọlọ àti iṣan. Nínú àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó lé díẹ̀ ní márùn-ún tí ó ní wárápá. Bí a bá fi èyí wọn ilé-ìwé tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ 600, bíi mẹ́ta ni yóò wà nínú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé bí a bá rí àìsàn náà mọ̀ tí a sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní i lè gbé ayé wọn láìṣubú mọ́.

Nígbà tí mo ka nǹkan wọ̀nyí, oorun dá lójú mi. Ní ọdún 1997, mo gun òkè Ọ̀kà lọ wá ọ̀rẹ́ mi. Mo bá a nídìí máṣíìnì ìránṣọ, ní ilé bàbá rẹ̀. Àpá iná bo apá òsì rẹ̀: ó ti ṣubú lu áyọ́ọ̀nù eléèédú nígbà kan. Ó ṣì ń ṣubú lẹ́ẹ̀meji, lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Mo ní, "Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Èmi ni mo lu agogo lọ́jọ́ náà."

Ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀. Agogo náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí ara mi ń padà bọ̀ sípò. Mo rò pé iná ń jó ilé-ìwé. Mo fẹ́ dìde kí n bá yín sáré. Ìgbà tí mo rí ẹsẹ̀ gbogbo yín ni mo tó mọ̀ pé èmi ni iná náà."

N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn títí di òní. A jọ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní òògùn. Ìṣubú rẹ̀ dín kù díẹ̀díẹ̀, ó sì wá dáwọ́ dúró. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́ láti ìgbà náà. Ọmọ tèmi náà dàgbà kúrò nínú tirẹ̀. Dókítà ni ó ní kí a rọra dáwọ́ òògùn dúró, ó sì ti di ìyá ọmọ lónìí. Ṣùgbọ́n òun kàwé jáde. Ọ̀rẹ́ mi, tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ, kò kọjá ìwé kẹta. Òògùn kò lè dá ìyẹn padà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ilé-ìwé wa àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde: kí a kọ́ gbogbo ọmọ, láti ìwé kìn-ín-ní, ní ohun tí wọn yóò ṣe. Bí ẹnìkejì rẹ bá ṣubú, dúró tì í. Gbé òkúta àti igi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, kí o sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Má ṣe dì í mọ́lẹ̀. Má ṣe fi ṣíbí, omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Wo aago: bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí bí òmíràn bá tẹ̀ lé e kí ó tó lajú, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Kí ojú rẹ jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ rí nígbà tí ó bá jí. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ń là ojú sílẹ̀ láìgbọ́ ìpè, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó nà án.

Mo tún ka orí kẹsàn-án Ìwé Máàkù láìpẹ́ yìí. Ní ọdún 1974, ẹ̀mí tí ń gbé ọmọ náà ṣubú nìkan ni a gbọ́ nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kíyè sí ohun tí ó wà ní ìparí ìtàn náà: nígbà tí ọmọ náà sùn sílẹ̀ bí òkú, tí àwọn ènìyàn sì yí i ká tí wọ́n ń sọ pé ó ti kú, Olúwa fà á lọ́wọ́, ó sì gbé e dìde. Ọwọ́ wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wà ní ìtòsí ọ̀rẹ́ mi ju ẹnikẹ́ni lọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lára irin.